Ọjà Ń Lọ

Ó ti rẹ Ìyá Rédíò. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí èèyàn ń sùn tán tí yóò jí dìde ní pípé. Ọdún kẹtàlélọ́gbọ̀n rèé tó ti ń jókòó sídìí tábìlì kan náà, tó ń fi irin gbígbóná jó òjé mọ́ wáyà, tó ń fa èéfín rẹ̀ símú, tó sì ń bá àwọn oníbàárà jiyàn, àwọn tó máa ń wí pé, "Kò ṣe nǹkan kan o, ó kàn kú ni." Rédíò ló fi bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni orúkọ ti wá. Nígbà tí aráyé pa rédíò tì, ó bọ́ sídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ àti fìríìjì, torí gbogbo wọn ló ti ní ọpọlọ nínú báyìí, ṣíìpù dúdú kékeré tí kò ju èékánná lọ, tó jẹ́ pé ọjọ́ tí onílé bá ní àlejò gan-an ló máa ń kú. Ojú rẹ̀ ti ń rí méjì níbi tí ọ̀kan wà. Orúnkún rẹ̀ ní tiẹ̀ ti kọ̀wé fipò sílẹ̀ tipẹ́.

Ìdí nìyẹn tó fi sọ fún onílé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé tí oṣù bá parí, òun á dá kọ́kọ́rọ́ padà. Bó ti sọ ọ́ tán, ó padà sídìí tábìlì rẹ̀, ó sunkún díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́. Ohun kan ṣoṣo ló gbójú lé tí yóò máa fi jẹun: èrè ọdọọdún lórí ìpín tí òun àti àwọn mẹ́ta kan jọ ní nínú ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ṣíìpù.

Àwọn mẹ́rin yìí ò jọ olówó, wọn kì í sì í ṣe olówó. Ọ̀gá Tíṣà, ẹ̀gbọ́n Ìyá Rédíò lọ́kùnrin, ẹni tó fi ogójì ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, ni alága. Dírẹ́bà ni ìkejì, ó ti wa ọkọ̀ akẹ́rù títí ìdí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ ìjókòó, kò sì sí àga kan láyé tó lè gbà á ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó má sùn, àfi èyí tó bá wà nídìí ìtọ́kọ̀. Ìyàwó Télọ̀ ni ìkẹta, opó ọ̀rẹ́ wọn, tó jogún ìpín ọkọ rẹ̀ àti àga rẹ̀ nínú ìpàdé. Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ni wọ́n da owó pọ̀ ra ìpín náà. Orúkọ Ọ̀gá Tíṣà ni wọ́n fi rà á, torí ìwé kan ṣoṣo ló rọrùn láti tọ́jú, kò sì sí ẹni tó lè rò ó pé Ọ̀gá Tíṣà yóò jí nǹkan. Ọkùnrin náà kì í jí oorun pàápàá.

Òfin kan péré ló fi lélẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó ní, "A ò ní fi owó wa sí ohun tí ọwọ́ wa ò bà." Nítorí náà, ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, Ìyá Rédíò tó jẹ́ pé òun nìkan ló gbọ́ èdè ṣíìpù ni yóò lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta ẹ̀yà ẹ̀rọ, yóò ra ẹyọ kan tí ilé-iṣẹ́ wọn ṣe, yóò yẹ̀ ẹ́ wò, yóò bi ọlọ́jà bí ọjà ṣe ń tà, yóò sì gbé e wá sípàdé. Wọn yóò fi í lé ara wọn lọ́wọ́ yíká. Dírẹ́bà á gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́, á máa wọ̀n ọ́n bí ẹni ń wọn wúrà. Ìyàwó Télọ̀ á gbóòórùn rẹ̀; ohun tó ń wá nínú òórùn rẹ̀, òun àti Ọlọ́run rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá Tíṣà á wá béèrè pé, "Ìyá Rédíò, ọjà ńkọ́?" Òun á sì dáhùn pé, "Ọjà ń lọ." Ìgbà yẹn ni wọ́n tó lè sọ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Àwọn àgbà ní ojú olójú kì í jọ ojú ẹni. Àmọ́ àwọn mẹ́ta yìí ti fi ojú Ìyá Rédíò ṣe ojú ara wọn, Ìyá Rédíò sì ti di ojú náà pa láìsọ fún wọn.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ọkọ̀ méjì ni èèyàn ń wọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù yẹn, àjà kẹta ló wà, ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn lọ sókè sì ti kú láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò rántí mọ́. Ní ìpàdé mẹ́ta sẹ́yìn, òjò ń rọ̀, orúnkún ń ké. Ìyá Rédíò fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀ yọ, ó rí ṣíìpù ilé-iṣẹ́ náà kan tó ti rà fún oníbàárà tí kò padà wá, ó fi sípírítì nù ún, ó fi bébà funfun wé e. Ó dé ìpàdé, ó ní, "Ọjà ń lọ." Àrá ò sán. Wọ́n fọwọ́ bà á, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó fara da òjò. Ẹlẹ́ẹ̀kejì rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kò tiẹ̀ rò ó mọ́.

Ìpàdé tòní ló yàtọ̀. Ilé-iṣẹ́ kọ lẹ́tà sí gbogbo olùdókòwò kéékèèké pé kí wọ́n yan ọ̀kan nínú méjì. Ẹni tó bá fẹ́, kó gba owó ìpín rẹ̀ báyìí kó máa lọ ní àlàáfíà. Ẹni tó bá sì fẹ́, kó fi í sílẹ̀ fún ọdún márùn-ún gbáko láìfọwọ́ kàn án, kí wọ́n fi kọ́ ilé-iṣẹ́ tuntun, kí wọ́n sì máa fún un ní èrè ìlọ́po méjì lọ́dọọdún, bí ọjà bá ń lọ bó ṣe ń lọ. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ òní ni ìlẹ̀kùn á tì. Ìyá Rédíò ti mọ èyí tó fẹ́. Ìlọ́po méjì yẹn ló gbójú lé tó fi sọ fún onílé pé òun ń kó jáde. Àmọ́ nígbà tó jí láàárọ̀, ọkàn rẹ̀ ò lélẹ̀. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré yìí, kí òun ṣe é bó ṣe yẹ, kí òun fẹ̀yìn tì pẹ̀lú ọwọ́ tó mọ́. Ó wọ ọkọ̀ méjèèjì. Ó gun àtẹ̀gùn mẹ́rìnléláàádọ́ta, ó jókòó sórí ìkọkàndínlógún, ó tún jókòó sórí ogójì.

Ọlọ́jà náà fún un ní ṣíìpù kan látinú páálí. Ìyá Rédíò mú awò rẹ̀ jáde, èyí tó ń sọ kékeré di ńlá, ó fi wo ẹ̀yìn rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin máa ń wà níbẹ̀: méjì àkọ́kọ́ ni ọdún tí wọ́n ṣe é, méjì tó kẹ́yìn ni ọ̀sẹ̀. Ìdúnta ni wọ́n ṣe èyí, ní ọ̀sẹ̀ kọkànlá.

"Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ yín," ó ní. "Ìgbà wo lẹ rà á?"

"Mo rà á kẹ̀? Wọ́n dì í rù mí ni." Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. "Alágbàtà ní tí mi ò bá gbé páálí mẹ́ta tí mi ò fẹ́, òun ò ní fún mi ní ọ̀kan tí mo fẹ́. Òun náà ní bí ilé-iṣẹ́ ṣe ṣe òun nìyẹn. Wọ́n ní tí kò bá tà, ká dá a padà tó bá pé ọdún méjì."

"Wọ́n wá kà á sí pé ó ti tà?"

"Ọjọ́ tó bá ti kọjá géètì wọn ló ti tà nínú ìwé tiwọn. Nínú ṣọ́ọ̀bù tèmi ńkọ́? Ẹ wá wò ó."

Ó fa aṣọ ẹ̀yìn káńtà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Páálí ló tò dé àjà, wọn ò tíì ṣí ẹnu ẹyọ kan nínú wọn. Ìyá Rédíò tẹ̀ síwájú, ó ka nọ́ńbà ara wọn: ìdúnta, ìdúnta, ìdúnta.

"Láti ìgbà wo ló ti rí báyìí?"

"Á tó oṣù mẹ́wàá. Ẹ ò wá mọ́ ni. Mo ní bóyá ẹ ti fẹ̀yìn tì."

Ìyá Rédíò ki awò rẹ̀ sápò. Ó sanwó ẹyọ kan, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọ ọkọ̀. Ní gbogbo ọ̀nà, ó ń ṣírò bó ṣe máa sọ ọ́ tí kò fi ní kan ara rẹ̀. Èèyàn tí ń wá ọ̀nà àbùjá nínú òótọ́, ọ̀nà rẹ̀ máa ń jìn ni.

Pálọ̀ Ọ̀gá Tíṣà ni wọ́n ti ń ṣèpàdé. Fáànù tó wà lókè ń dún kọ́-kọ́-kọ́ bó bá ń yí, ó ti tó ọdún mẹ́rin tó ti ń ṣèlérí pé òun máa já bọ́. Wọ́n gbé tábílẹ́ẹ̀tì, fóònù fífẹ̀ tí wọ́n fi ń bá ilé-iṣẹ́ sọ̀rọ̀ lójúkojú, lé orí ìwé ìdánwò àtijọ́ tí Ọ̀gá Tíṣà kọ̀ láti jù nù. Ìyá Rédíò tú ṣíìpù náà nínú bébà, wọ́n fi lé ara wọn lọ́wọ́. Dírẹ́bà wọ̀n ọ́n. Ìyàwó Télọ̀ gbóòórùn rẹ̀. Ọ̀gá Tíṣà ò tiẹ̀ gbé e sójú, ó kàn fi ìka kan kàn án, ó sì gbé e sílẹ̀ lórí tábìlì. Ojú rẹ̀ wú bí ojú ẹni tí kò sùn.

Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ yọ lójú tábílẹ́ẹ̀tì ní aago méjì àbọ̀, pẹ̀lú kóòtù àti eyín. Dírẹ́bà ti sọ ọ́ ní Ọ̀gbẹ́ni Ìdàgbàsókè láti ọdún méjì sẹ́yìn, torí kò lè sọ gbólóhùn mẹ́ta kí ọ̀rọ̀ yẹn má wọ ọ̀kan.

"Ẹ̀yin olùdókòwò wa ọ̀wọ́n," ó ní, "tí a bá pín iye ṣíìpù tí a tà lọ́dún yìí sí ọ̀nà mẹ́wàá, ti èṣí ò ju méje lọ nínú rẹ̀. Ìdàgbàsókè nìyẹn! Ètò wa fún ọdún márùn-ún tó ń bọ̀ ni pé a máa kọ́ ilé-iṣẹ́ tuntun, a máa mú alágbàtà mẹ́wàá mìíràn kún àwọn tó wà, a sì máa bẹ̀rẹ̀ ṣíìpù ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́."

Dírẹ́bà la ojú nígbà tó gbọ́ ọkọ̀, ó tún pa á dé.

"Ẹni tó bá ní ìbéèrè?"

Ìyá Rédíò sún mọ́ tábílẹ́ẹ̀tì. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Nínú èyí tẹ́ ẹ tà yẹn, mélòó ló ti wọ inú ẹ̀rọ? Mélòó ló ṣì wà nínú páálí lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́jà?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìbéèrè tó dára gan-an nìyẹn, màmá. Inú wa dùn sí irú ìfẹ́ tẹ́ ẹ ní sí ilé-iṣẹ́ wa. Àjọṣe àárín àwa àti àwọn alágbàtà wa gún régé. Ìbéèrè mìíràn?"

"Ìbéèrè ló bi í," Dírẹ́bà ní láìlajú, "ìkíni ló fi dá a lóhùn."

Wọ́n pa tábílẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá Tíṣà nu awò ojú rẹ̀ sí ìṣẹ́tí ẹ̀wù. Ó wá béèrè bó ṣe máa ń béèrè, ohùn rẹ̀ ò tiẹ̀ gòkè.

"Ìyá Rédíò, ọjà ńkọ́?"

"Bọ̀dá mi, ọjà ò lọ."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbójú sókè. Ó sọ ohun tó rí fún wọn: páálí tó tò dé àjà, alágbàtà tó ń di ẹrù ru ọlọ́jà, nǹkan tí wọ́n kà sí títà tí kò kúrò lójú kan. Ó ní kí wọ́n gba owó wọn kí wọ́n máa lọ, kí aago márùn-ún tó lù.

Dírẹ́bà ti jí pátápátá báyìí. "Ìwọ obìnrin yìí, ṣé kì í ṣe ìwọ lo jókòó sórí àga yẹn ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, tó o ní ọjà ń lọ?"

"Èmi ni."

"Oṣù mẹ́ta ni ọjà fi kú? Mo ti wa ọkọ̀ ẹrù rí. Ọjà máa ń sinmi, á tún dìde. A ò lè torí oṣù mẹ́ta sá."

"Òótọ́ ni, Àǹtí mi," Ìyàwó Télọ̀ dá sí i, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Tó bá ṣe pé láìpẹ́ yìí ni, ṣé ká má kàn ní sùúrù? Ìlọ́po méjì yẹn, mo fẹ́ fi kan òrùlé mi ni. Òjò ń bá mi sùn nínú yàrá."

Ọ̀nà àbùjá rèé, ó là gbọọrọ. Bó bá ní láìpẹ́ yìí ni, orúkọ rẹ̀ ò ní bàjẹ́. Àmọ́ wọ́n á fi owó wọn sílẹ̀, wọ́n á máa retí ọjà tó ti kú kó jí. Ìyá Rédíò wo ọwọ́ ara rẹ̀, àpá ibi tí irin ti jó o kún ibẹ̀. Ojú tì í ju bó ṣe lè sọ lọ. Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n máa ń wí, ẹni tó wí i ò tíì kúnlẹ̀ níwájú opó tí òrùlé rẹ̀ ń jò.

"Kì í ṣe láìpẹ́," ó ní. "Ó ti tó oṣù mẹ́wàá. Èmi ni mi ò lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta tí mo ní mo lọ, mi ò lọ. Inú dúrọ́ọ̀ mi ni mo ti ń mú ṣíìpù wá. Mo ń nù ún fún yín."

Ìyàwó Télọ̀ ní, "Èyí tí mo ń gbóòórùn rẹ̀ yẹn?"

"Èyí tẹ́ ẹ ń gbóòórùn rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ó rẹ̀ mí ni. Àtẹ̀gùn yẹn pọ̀. Mo rò pé kò lè yí padà láàárín oṣù mẹ́ta, ìgbà tó sì di oṣù mẹ́sàn-án, mi ò mọ bí mo ṣe lè bẹ̀rẹ̀."

"Ọkọ mi fẹ́ràn yín gan-an, Àǹtí mi," Ìyàwó Télọ̀ ní. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ì bá tiẹ̀ fi ìbínú sọ ọ́, ì bá sàn.

Ojú gbogbo wọn wá yí sí Ọ̀gá Tíṣà. Ẹ̀gbọ́n ni, alága ni, òun ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn nínú ìpàdé. Ìyá Rédíò ti múra sílẹ̀ fún ohùn kíláàsì, ohùn tó máa ń jẹ́ kí ọmọdé rántí pé òun ò tíì ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Àmọ́ ọkùnrin náà kò pariwo. Ó na ọwọ́.

"Gbé ṣíìpù yẹn wá. Mú awò rẹ náà wá. Kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kà á."

Ó kọ́ ọ. Ọ̀gá Tíṣà tẹ orí mọ́lẹ̀, ó ń wá nọ́ńbà náà. "Ọ̀sẹ̀ kọkànlá," ó ní nígbẹ̀yìn. "Ìdúnta. Ó hàn gbangba. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń fọwọ́ kan nǹkan yìí, mi ò yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò rí."

"Aago mẹ́rin ò tíì lù, Bọ̀dá mi. Ẹ jẹ́ ká fi èsì ránṣẹ́ ká tó—"

"Mo ti fi ránṣẹ́."

"Ẹ ní kí ni?"

"Láàárọ̀. Kí n tó fọ ẹnu." Ó gbé awò náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́. "Mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Ìpàdé tòní, mo kàn pè é kí àṣà má bàa já ni."

Dírẹ́bà dìde dúró. "O fọwọ́ sí i kó o tó fọwọ́ bà á?"

"Kí n tó fọwọ́ bà á."

"Kò ṣe é yí padà?" Ìyá Rédíò béèrè.

"Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá ti yàn, ó ti yàn."

"Kí ló dé tẹ́ ò dúró dè mí, Bọ̀dá mi?"

"Dúró dè ọ́ fún kí ni?" Ohùn rẹ̀ gòkè fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì tún rọ̀ lójú ẹsẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀mẹta tẹ̀léra lo sọ fún mi pé ọjà ń lọ. Mo wá gbọ́ pé o ti sọ fún onílé pé o fẹ́ jáde. Mo ronú di ìdájí. Mo ní ìlọ́po méjì yẹn ló máa jẹ́ kó o lè jókòó jẹ́ẹ́. Mo ní tí mo bá dúró di ìpàdé, Dírẹ́bà á bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn, ẹ máa bára yín fà á títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mi ò fẹ́ kí wọ́n dà ọ́ láàmú mọ́. Ó ti rẹ̀ ọ́."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ó ti rẹ èmi náà."

Ìyàwó Télọ̀ ń fi ìka ka nǹkan kan lórí itan rẹ̀. Ó ka ọdún márùn-ún mọ́ ọjọ́ orí rẹ̀, ó rí ibi tó já sí, ó ká ìka náà padà. Ó ki báàgì rẹ̀ sábẹ́ apá, ó ní òun ń lọ wo ilé kí òjò tó ṣú. Dírẹ́bà ní òun á sìn ín dé ìta. Ní ẹnu ọ̀nà, ó bojú wẹ̀yìn bí ẹni tó fẹ́ ṣe àwàdà, ó rí ojú àwọn méjèèjì, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìyá Rédíò jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò bẹ̀ ẹ́ mọ́, òun náà kò sì bẹ àbúrò rẹ̀. Nígbà tó yá, Ìyá Rédíò fa fóònù rẹ̀ yọ látinú àpò, ó wá nọ́ńbà onílé ṣọ́ọ̀bù, ó gbé e sétí. Ó dún, ó dún, kí ọkùnrin náà tó gbé e.

"Ẹ káàsán, sà. Èmi ni, Ìyá Rédíò. Ṣọ́ọ̀bù yẹn, ṣé ẹ ti fún ẹlòmíràn?"

"Rárá o. Àmọ́ ẹnì kan ń bọ̀ wá wò ó lọ́la. Ẹ ṣáà ní ẹ ò ṣe mọ́."

"Mo mọ̀ pé mo sọ bẹ́ẹ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ẹni náà kó má wàhálà." Ó fi ọwọ́ kejì tẹ orúnkún rẹ̀. "Màá wá ṣí i ní Mọ́ńdè."